Owó Ìrànwọ́ àti Àwọn Àgbà Bwari

Kò sí ilé Yorùbá tí ọmọ ti jókòó ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tí kò mọ orúkọ Bwari. Ibẹ̀, ní Olú-ìlú Àpapọ̀ wa ní Abuja, ni olú ilé-iṣẹ́ JAMB tí ń ṣètò ìdánwò náà wà. Ibẹ̀ náà ni olú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin, Nigerian Law School, kó lọ láti Èkó ní ọdún 1997. Nítorí náà, bí a bá dárúkọ Bwari, ọmọ tí ó ń wá máàkì àti lọ́yà tí ó ń retí wíìgì ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ìlú ọ̀dọ́ ni lójú àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn wọ inú rẹ̀, láti Kubwa dé Dutse Alhaji, láti Ushafa dé Igu àti Kawu, yóò rí i pé arúgbó kò wọ́n níbẹ̀ rárá. Wọn kàn kì í sí lórí ìwé ẹnikẹ́ni ni. Owó ìrànwọ́ ń bọ̀ láti ọwọ́ ìjọba, láti Báńkì Àgbáyé, láti ilé aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè àti lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀, fún iṣẹ́ tí ará ìlú fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Èwo nínú rẹ̀ ni ó ń kan àwọn àgbà? Kí ni ó sì fà á tí èyí tí kò kàn wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Oríṣi àgbà méjì ni ó wà ní Bwari, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jọra. Àwọn kan ni onílẹ̀, àwọn Gbagyi tí Yorùbá ń pè ní Gwárí, tí wọ́n ti ń ro oko iṣu níbẹ̀ kí ìjọba tó ṣòfin tí ó dá Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Maitama, tí ilé àwọn ọlọ́lá kún lónìí, wọ́n kó àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ lọ sí Kubwa. Àwọn tí wọ́n kó lọ nígbà èwe ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Wọn kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí, nítorí náà kò sí owó ìfẹ̀yìntì kankan tí wọ́n ń retí, oko tí ì bá sì máa bọ́ wọn ti di ẹ́sítéètì. Èjìká ni àwọn obìnrin wọn fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí, nítorí lójú tiwọn orí ni ọba ara, a kì í sì di ẹrù lé ọba. Ẹni tí ó bá fi èjìká ru igi àti omi láti ọmọdé dé ọjọ́ alẹ́, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ibi tí ó ń dùn ún.

Oríṣi kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá ìjọba kó wá láti Èkó nígbà tí Abuja di olú-ìlú gan-an ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ẹni tí ó jẹ́ ẹni ọdún 35 nígbà náà ti kọjá 65 báyìí. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé rẹ̀ ní Abuja ní 2005, àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé ní láti wá ibi orí ń gbé sí ní ẹ̀yìn ìlú, Kubwa sì wà lára ibi tí wọ́n forí lé. Àwọn wọ̀nyí ń gba owó ìfẹ̀yìntì, bí ó tilẹ̀ máa ń pẹ́ dé. Ohun tí wọn kò ní ni ẹlẹgbẹ́. Ìlú tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ sí ni Abuja, wọn kò gbé e kalẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ojúde tí bàbá lè jókòó sí ta ayò, kò sí ìta ọjà tí ìyá ti lè pàdé ojúgbà rẹ̀ láì ra nǹkan kan.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu: orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ètò ìtọ́jú àgbà wa dúró lé. Àmọ́ ọmọ òkété ti wà ní Toronto. Ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, kò sì sí ẹni tí yóò tẹ̀ lé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Kubwa nígbà tí ẹsẹ̀ bá wú. Ní ti àwọn Gbagyi, ọmọ wà nítòsí lóòótọ́, ọ̀kadà ni ó ń gùn, èyí tí ó ń rí kò sì tó òun àti àwọn ọmọ tirẹ̀ jẹ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, níbi ìpàdé àgbáyé lórí ọjọ́ ogbó tí wọ́n ṣe ní Madrid, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan síta tí ó yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ àgbà padà. Ìwé náà sọ pé ìlera nìkan kò tó. Kí àgbà ní ìlera, kí ó máa kópa nínú nǹkan àwùjọ, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lórí oúnjẹ àti ibùgbé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń gbé ara wọn ró. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń fúnni lówó ti ń béèrè iṣẹ́ tí yóò mú kí àgbà máa ta kébékébé láàárín ìlú, dípò èyí tí yóò kàn tẹ́ ibùsùn fún un. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ya ọdún 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkèèrè nìkan ni ìmọ̀ yìí ti wá. Láti 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, ti ń tẹ̀ lé àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, láti mọ iye tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2001, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 ni ní Indianapolis. Ìwádìí náà kò sọ pé ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́ ni ó fa ìyàtọ̀ yẹn, èmi náà kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje darí, Ibadan Study of Ageing, rí i pé ìfararora pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àti ìkópa nínú nǹkan àwùjọ wà lára ohun tí ó máa ń bá ọjọ́ ogbó rere rìn. Ìbàdàn kan náà ni ilé ìwòsàn UCH ti ṣí ibùdó ìtọ́jú àgbà tí wọ́n fi sọrí Olóyè Tony Anenih ní 2012. Bwari kò nílò láti tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ohun tí ó kù ni owó tí yóò sọ ìmọ̀ náà di iṣẹ́.

Irú iṣẹ́ wo gan-an? Kò tó ohun tí à ń pariwo. Ibi tí ibòji wà, àga tí ó ní ẹ̀yìn tí àgbà lè fara tì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa wá lọ́sẹ̀ méjì méjì, owó ọkọ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ilẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé 65 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ rìn tàbí kí ó fi ṣe iṣẹ́ tí yóò mú èémí rẹ̀ yára díẹ̀, kí ó sì máa ṣe eré ìdárayá tí kò ní jẹ́ kí ó ṣubú ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìyá àgbà Gbagyi ń ṣe ju èyí lọ lóko, bàbá olówó ìfẹ̀yìntì ní Kubwa kò ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀. Èyí nìkan ti fi hàn pé ètò kan ṣoṣo tí wọ́n bá kọ ní ọ́fíìsì ní Garki, láàárín Abuja, kò lè bá àwọn méjèèjì mu.

Ní ti òfin, a kò rí ẹjọ́ kankan rò. Abala 16 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba gbìyànjú kí ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Abala 6 ìwé kan náà ni ó sì sọ pé ilé ẹjọ́ kò lè fi tipá mú ìjọba ṣe é. Òfin tí ó dá National Senior Citizens Centre, àjọ ìjọba fún àwọn àgbà, sílẹ̀ jáde ní 2018. Ní 2021 ni Dókítà Emem Omokaro di ọ̀gá àgbà rẹ̀, ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ọjọ́ ogbó. Abuja ni àjọ náà wà, Bwari kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n àjọ orílẹ̀-èdè kò lè di ti àdúgbò nítorí pé ó wà nítòsí. Kódà ọjọ́ tiwọn kò hàn: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni ọjọ́ àwọn àgbà lágbàáyé. Lọ́dọ̀ wa, ó bọ́ sí ọjọ́ òmìnira, nítorí náà ológun tí ń yan ni ó máa ń gba iwájú ìwé ìròyìn.

Owó tí àgbà ilẹ̀ yìí mọ̀ jù ni ẹ̀bùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ètò Renewed Hope Initiative tí ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinubu, ń darí fún àgbà 250 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ní Olú-ìlú Àpapọ̀ ní N100,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní 2024, owó náà di N200,000. Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò fi ẹnu ba ẹ̀bùn jẹ́: ẹni tí ó ra oògùn ìfúnpá fún oṣù mélòó kan nínú rẹ̀ mọ ohun tí ó ṣe fún òun. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe rí. Àgbà jókòó sórí àga ike, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó dìde, wọ́n ya fọ́tò, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó dé bá àdúgbò rẹ̀ ni pé àwọn tí orúkọ wọn kò jáde ń bínú.

Èkìtì gbìyànjú ju èyí lọ. Ní 2011, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san N5,000 lóṣooṣù fún àwọn àgbà tí ó ti pé 65 tí kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀ṣun náà dá Àgbà Ọ̀ṣun sílẹ̀, N10,000 lóṣù. Owó oṣù yàtọ̀ sí ẹ̀bùn, nítorí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń bọ̀ lè dá sí àjọ, ó lè yá owó kí ó sì san án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yí padà ní Èkìtì ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Ọwọ́ gómìnà ni ó ti wá, ọwọ́ gómìnà ni ó padà sí. Àwọn àgbà kò ní ẹgbẹ́ kan tí ó lè lọ jókòó sí iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ì bá ṣòro díẹ̀ láti pa á.

Ibi tí owó ti dé ọwọ́ ará ìlú fúnra wọn ni ètò Báńkì Àgbáyé tí wọ́n pè ní CSDP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí Olú-ìlú Àpapọ̀ náà sì ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ fún un. Ìlànà rẹ̀ wù mí. Ìlú yóò pàdé, yóò fẹnu ara rẹ̀ yan ohun tí ó fẹ́, yóò dìbò yan ìgbìmọ̀, yóò sì dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà, ìbáà jẹ́ owó gidi tàbí yanrìn, òkúta àti iṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni owó yóò wọ àkántì ìgbìmọ̀ yẹn díẹ̀ díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ẹni tí ó bá mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ kò nílò olùkọ́ kí ó tó lóye rẹ̀. Nígbà tí ètò náà ń parí lọ, ètò mìíràn, NG-CARES, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù 750 dọ́là ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, mílíọ̀nù 20 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 15 fún Olú-ìlú Àpapọ̀. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà nínú ìyẹn: ìjọba ni yóò kọ́kọ́ ná owó tirẹ̀, kí wọ́n tó wá yẹ iṣẹ́ wò, kí wọ́n sì dá a padà fún un. Ibi tí ìjọba kò bá ti fẹ́ kọ́kọ́ ná, ìlú yóò dúró.

Àwọn àgbà wà lórí ìwé NG-CARES, pẹ̀lú àwọn abirùn àti àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò fún ní owó díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ti iṣẹ́ ìlú, kànga, kíláàsì, afárá kékeré àti ilé ìwòsàn alábọ́dé ni ìlú sábà máa ń yàn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí ó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé àgbà ni ó ń jókòó sórí àga ọlá ní ìpàdé yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó sì ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú yóò ti bàbá tí ó bá dìde pé ibòji àti àga ni òun àti ẹgbẹ́ òun fẹ́, nígbà tí ọmọ ń kàwé lábẹ́ igi. Owó tí a fi sílẹ̀ fún ìpàdé gbogbogbòò láti pín, àgbà kò ní béèrè tirẹ̀ nínú rẹ̀ láéláé. Àfi bí a bá yà á sọ́tọ̀.

Àwọn ilé aṣojú náà ń fúnni. Japan ní ètò kan fún iṣẹ́ kékeré àwọn ará ìlú, Kánádà ní tirẹ̀, Amẹ́ríkà náà ti ní èyí tí ó ń fẹ́ kí ìlú kọ́kọ́ fi ọwọ́ tirẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ilé, ẹ̀rọ àti ohun èlò ni irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń rà. Kì í san owó oṣù, kì í ra epo jẹnẹrétọ̀, kì í sì tún òrùlé ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ti àgbà sì rèé, ohun tí ó ń náni lówó jù ni èyí tí kì í tán: owó ọkọ̀, owó nọ́ọ̀sì, omi, tíì. Àwọn àjọ ńlá tí ó ti ní ọ́fíìsì ní Abuja, bí TY Danjuma Foundation tàbí MacArthur, ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìjà lòdì sí ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n gbájú mọ́, ọjọ́ ogbó kọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Orílẹ̀-èdè tí ìdajì ènìyàn rẹ̀ kò tíì pé ogún ọdún ni wá, ẹni tí ó ń fúnni lówó sì fẹ́ràn láti sọ pé ọjọ́ ọ̀la ni òun ń kọ́.

Ká ní owó ọ̀hún wà, ká ní wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ àgbà sí ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ìyá àgbà ogún kan ní Byazhin, àdúgbò kan ní Bwari, tí wọ́n ti ń dá àjọ papọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń bá ara wọn sin òkú, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju èyí lọ ní Bwari. Wọ́n fẹ́ N500,000. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláìjèrè, lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 2020. Wọn yóò yan àwọn alámòójútó, wọn yóò kọ òfin ẹgbẹ́, wọn yóò gbé ìkéde sí ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, wọn yóò sì dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan yóò takò wọ́n. Ìkéde yẹn nìkan lè jẹ owó àjọ ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà owó orí, lẹ́yìn rẹ̀ ni SCUML, ẹ̀ka EFCC tí ń ṣọ́ owó àìmọ́, nítorí báǹkì kò gbọ́dọ̀ ṣí àkántì fún ẹgbẹ́ aláìjèrè tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni ti SCUML, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Àwọn tí yóò fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó gbọ́dọ̀ ní BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì, ìka àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti fá sì máa ń fún ẹ̀rọ báǹkì ní wàhálà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹni tó ń fúnni lówó yóò wá béèrè àkántì ọdún mẹ́ta tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò.

Èmi mọ ìdí tí ìwé wọ̀nyí fi wà. Ẹni tí kò bá mọ iye ẹgbẹ́ aláàánú tí ó jẹ́ orúkọ lásán ní Abuja, kì í gbé ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ gba mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún àti ẹni tó fẹ́ ra àga ogún. Ẹni tó lè kọjá níbẹ̀ kì í ṣe ìyá Byazhin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní kọ̀ǹpútà ni, tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àbá, tí yóò gba owó ní orúkọ ìyá, tí yóò yọ owó ọ́fíìsì, owó ìrìnnà àti owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí ìyókù tó dé Byazhin ní ìrísí fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe olè. Bí ètò náà ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí àwọn kan ń lò: kí ẹgbẹ́ tí ó ti ní ìwé gba owó fún èyí tí kò ní. Sọ́ọ̀sì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Mo fara mọ́ ọn tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ẹni tí ó ni ìwé kì í pẹ́ di ọ̀gá, ìyá àgbà mùsùlùmí tí owó rẹ̀ bá sì gba ọwọ́ sọ́ọ̀sì wá lè má rí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onínǹkan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo rí i pé ó dára jù nínú wọn, nítorí pé ènìyàn mẹ́wàá ti tó dá a sílẹ̀, ìwé owó rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn mọ̀ ọ́n kà.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti dán ohun mìíràn wò. Owó lọ́tìrì ni wọ́n fi ṣe ètò Ageing Better ní agbègbè 14, láti 2015 títí di 2022. Hackney ní London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, wà lára wọn. Èyí tí ó wù mí jù ni ti Greater Manchester, Ambition for Ageing: mílíọ̀nù 10.2 pọ́n-ùn ni gbogbo owó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gé e wẹ́wẹ́, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í sì kọjá 2,000 pọ́n-ùn. Àwọn àgbà àdúgbò ni wọ́n jókòó pinnu ẹni tí wọn yóò fún. Bẹ́ńṣì, ọgbà, oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tí kò rí owó gbà lónìí mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ lọ́la, ojúgbà rẹ̀ ni.

Vietnam súnmọ́ wa ju Manchester lọ. Níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ HelpAge, àjọ àgbáyé fún àwọn àgbà, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní abúlé, ènìyàn 50 sí 70 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ àgbà, ìyókù jẹ́ ọ̀dọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, púpọ̀ sì jẹ́ tálákà. Owó ìrànwọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe fún jíjẹ: wọ́n ń yá ara wọn, èlé kékeré tí ó ń wọlé ni wọ́n fi ń ṣe àbẹ̀wò sí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn àti eré ìdárayá. Ọdún 2016 ni ìjọba Vietnam sọ ọ́ di ètò orílẹ̀-èdè. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe jọ èsúsú. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ìwé, òfin pé kí ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, àti owó àkọ́bẹ̀rẹ̀ láti òde.

Àwọn kan yóò sọ pé owó ìfẹ̀yìntì fún gbogbo àgbà ni kí a kọ́kọ́ jà fún, kí a fi ẹgbẹ́ àti àga sílẹ̀. South Africa ti ń san irú rẹ̀ láti 1928, ó sì kan àwọn aláwọ̀ dúdú láti 1944. Lesotho tí kò lówó tó wa bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2004. Òtítọ́ ni, èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Èkìtì ti fi hàn wá pé owó tí kò ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn kì í pẹ́ kú. Àtakò tí ó ká mi lára ju ìyẹn lọ ni ti òṣèlú. Bí owó bá gba Kánsù Bwari kọjá, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ yóò ti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú jáde. Kò sí oògùn pátápátá fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó kékeré tí ó pín sí ọ̀pọ̀ ọ̀nà kì í wu olóṣèlú tó owó ńlá kan. Ààbò náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ìjínigbé tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bwari ní oṣù Kìíní ọdún 2024 kọ́ àwọn ènìyàn láti wọlé kí oòrùn tó wọ̀, ẹgbẹ́ àgbà tí ó bá fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́ yóò máa dá pàdé ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Àgbà 250 lọ́nà N200,000 jẹ́ N50 mílíọ̀nù, ìyẹn ni owó tí Olú-ìlú Àpapọ̀ rí nínú ẹ̀bùn ọdún 2024. Bí a bá pín iye kan náà fún ẹgbẹ́ àgbà ní N500,000 ẹgbẹ́ kan, yóò kan ẹgbẹ́ 100. Kánsù mẹ́fà ni ó wà ní Olú-ìlú Àpapọ̀, nítorí náà Bwari yóò rí nǹkan bí ẹgbẹ́ 16, wọ́ọ̀dù rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá. Ó ju ẹgbẹ́ kan lọ fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, láti Kubwa títí dé Shere. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní ọgbọ̀n ènìyàn, àgbà tí ó ju 450 lọ ni ní Bwari nìkan. Mi ò ní kí wọ́n gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ pé irú owó yẹn wà, kì í ṣe àlá.

Ushafa ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ abúlé yẹn nígbà tí Ààrẹ Bill Clinton yà síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ṣùgbọ́n ìkòkò mímọ ni ẹni tó mọ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́. Ladi Kwali amọ̀kòkò, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó N20, ọmọ Gbagyi ni. Lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ obìnrin ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò, kí ó tó lọ bá Michael Cardew, amọ̀kòkò Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé ìkòkò Suleja ní 1954, nígbà tí Suleja ṣì ń jẹ́ Abuja. Àwọn ìyá àgbà tí ó mọ iṣẹ́ yìí láì lo kẹ̀kẹ́ ṣì wà ní àdúgbò yẹn. Owó ìrànwọ́ tí yóò san owó ìkọ́ni fún wọn, tí yóò mú ọmọ ogún ọdún jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kò nílò ilé tuntun kankan. Amọ̀ wà, igi wà, ìyá wà. Owó ìkọ́ni ni kò sí. Bí a bá san án gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, tí a kò pè é ní ìrànwọ́, yóò tún dára sí i.

Ìṣòro kan kù tí kò hàn títí ènìyàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ta ni àgbà? Ètò ìjọba yóò ní 60 tàbí 65, yóò sì béèrè ìwé. Àwọn Gbagyi tí wọ́n bí sí oko kí ọdún 1960 tó dé kò ní ìwé ìbí, ọjọ́ tí ó wà lórí káàdì NIN wọn sì jẹ́ èyí tí akọ̀wé kọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i nínú àbá àwọn kan pé kí wọ́n lọ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn. Ìrìnàjò mìíràn nìyẹn, owó ọkọ̀ mìíràn. Ó sàn kí a fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Kí wọ́n pe ojúgbà onítọ̀hún mẹ́ta, kí wọ́n bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n kó wa kúrò ní Maitama, ṣé ẹni yìí ti gbéyàwó tàbí ó ṣì ń da ewúrẹ́? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dáhùn bákan náà, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.